Bíréékì Ṣáájú Ẹ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ òkè, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ológeere onítáyà gbàǹgbà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbágungbàgun, ọ̀rọ̀ kan ń kọ wá lóminú. Bí owó díẹ̀ bá ti wọlé, fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ rà, nígbà tí rọ́bà bíréékì ti jẹ tán. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Èrò tiwa ni pé akoto àti ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń gùn. Rọ́bà bíréékì àti wáyà rẹ̀ kò wọ́n tó fọ́ọ̀kì rárá, síbẹ̀ àwọn ni yóò gbani lọ́jọ́ tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Táyà ló tẹ̀ lé e, nítorí òun nìkan ló ń fara kan ilẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà ara èyí tó ti gbó kí ẹ tó ra tuntun. Táyà íǹṣì 26 kò lè wọ ríìmù íǹṣì 29.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi rúlà wọn ṣéènì. Ojú ṣéènì 24 yẹ kó jẹ́ íǹṣì 12 gérégé. Tó bá ti fi 1/16 íǹṣì lé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín gíà, torí gíà ló ń gbówó lórí jù.

Àtúnṣe tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ náà wà. Ẹ jókòó, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán. Bí kò bá nà, ẹ gbé ìjókòó sókè. Lórí ilẹ̀ eléruku, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kéré ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Àwọn kan á ní fọ́ọ̀kì ń dín ìrora ọwọ́ kù. Òótọ́ ni, àmọ́ olówó pọ́ọ́kú máa ń wúwo, ó sì ń ta bọ́ń-bọ́ń. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ tọ́jú owó yẹn de kẹ̀kẹ́ tó dára jù lọ́la.

Kí ẹni márùn-ún dáwó ra póńpù kan àti irinṣẹ́ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ṣeé dá dúró ló ń gbéni délé.