Òwú Pupa, Ìyẹ́ Àkùkọ àti Ìwọ̀

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni ẹ ń retí lọ́dọ̀ wa lóṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lẹ́nu àwọn ará nípa wa níhìn-ín ní Ìwó, ó sì yẹ kí a fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

Arábìnrin kan wá kí wa nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó bá wa lẹ́bàá fèrèsé, ìyẹ́ àkùkọ wà lórí tábìlì, òwú pupa wà lọ́wọ́ wa, a ń wé e mọ́ irin kékeré kan. Ó kí wa, kò jókòó. Omi tí a bù fún un, kò mu ún. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Pásítọ̀ ti dé. A kò bá arábìnrin náà wí o. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò rí òwú pupa, ìyẹ́ àkùkọ àti irin lójú kan náà tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ síbi tí tirẹ̀ lọ?

Ìdẹ ẹja ni a ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bá wa gbàdúrà nígbà àìsàn tó mú ọwọ́ ọ̀tún wa rọ. Àtiki bọ́tìnnì ẹ̀wù bọ ihò rẹ̀ di iṣẹ́ ńlá, ìyá àwọn ọmọ ló ń bá wa ṣe é. Wọ́n fún wa ní bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan pé kí a máa fún un lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ó sú wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rántí bí a ti fẹ́ràn odò tó nígbà èwe wa, ó fi ìwọ̀ kéékèèké ránṣẹ́, pẹ̀lú irin tó ń di ìwọ̀ mú, irú fáìsì tí àwọn mẹkáníìkì ń lò, ṣùgbọ́n tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó sọ fún wa pé ní 2005, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun, Walter Reed, ní Washington, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn sójà tó gbọgbẹ́ ní iṣẹ́ yìí gan-an, kí ọwọ́ àti ọkàn wọn lè bọ̀ sípò. Project Healing Waters ni wọ́n pe ètò náà.

Eṣinṣin ni àwọn òyìnbó ń pe ìdẹ yìí. Kò sí ekòló níbẹ̀, kò sí ẹran. Ìyẹ́, irun àti òwú ni a ń wé mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Nítorí pé ìdẹ náà fúyẹ́ bí èéfín, okùn ni wọ́n ṣe kí ó wúwo. Okùn ni apẹja ń jù, ìdẹ kàn ń tẹ̀lé e ni.

Nígbà tí Pásítọ̀ jókòó, ìtàn Makedóníà ni a sọ fún un. Òǹkọ̀wé ará Róòmù kan, Aelian, kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa pé odò kan wà láàárín Bèréà àti Tẹsalóníkà. Kòkòrò tí ẹja ibẹ̀ ń jẹ kò ṣeé fi ṣe ìdẹ, nítorí bí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ a ṣí, ìyẹ́ apá rẹ̀ a sì rọ. Àwọn apẹja wá wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n so ìyẹ́ méjì tó ń hù lábẹ́ àgbọ̀n àkùkọ mọ́ ọn. Irú èyí ni a ń dán wò nígbà tí arábìnrin wa wọlé! Pásítọ̀ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 láti rí ìlú méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ kò lè gbé tábìlì yìí sí yàrá?”

A ro ó di ọjọ́ kejì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a gbé e sí, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i.

Àkọ́kọ́ tí a ṣe jọ ìgbálẹ̀ tó gbó. A gbé e lọ sí Aiba, odò tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ ìlú wa. Bí omi ti kàn án, ó tú. Irin ń yọ̀, òwú kò rí ibi dì mú. Aránbàtà àdúgbò wa ló gbà wá: ó ní kí a fi ìda oyin pa òwú náà bí òun ti ń ṣe sí tòun. Báyìí, a kọ́kọ́ ń fi òwú bo irin náà kí ohunkóhun tó gun orí rẹ̀. Ìparí rẹ̀ ló le jù fún ìka wa. A ó yí òwú lé ara rẹ̀ lórí bí ẹ̀ẹ̀mẹrin, a ó fa etí rẹ̀ gba abẹ́, kò gbọdọ̀ dẹ̀. Ìgbà mìíràn a ó ṣe é fún wákàtí kan, ìka kan yóò gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ yóò tú. Ìyá àwọn ọmọ a ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Àwọn alápatà adìyẹ ní ọjà Odò-Orí ń fún wa ní ìyẹ́ ọrùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ti àkùkọ le, ó máa ń gbé ìdẹ dúró lórí omi. Ti àgbébọ̀ rọ̀, ó máa ń mu omi, ó sì ń rì. Àwọn méjèèjì ló ní iṣẹ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹja kan tó wo ìdẹ Makedóníà wa. Ta ló rí kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní Ìwó rí? Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èsúnsún ya lu iná ilé wa. Àwọn ọmọ-ọmọ ń ṣà á fún dídín, àwa mú ọ̀kan, a wò ó dáadáa: ara pupa rúsúrúsú, ìyẹ́ apá mẹ́rin tí gígùn wọn dọ́gba, tó sì gùn kọjá ìdí rẹ̀. Ó máa ń já bọ́ sínú omi, ẹja a sì gbé e mì. Òwú aláwọ̀ ilẹ̀ ni a fi ṣe ara rẹ̀, a gé ìyẹ́ apá lára ọ̀rá píọ̀wọ́tà, a wé ìyẹ́ ọrùn àkùkọ sí i lọ́rùn kí ó lè léfòó.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ-ọmọ wa ọkùnrin gbé e dé Aiba. Ẹpìyà kan gbé e. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọmọ náà ló sì fà á sókè, nítorí ọwọ́ wa ti rẹ̀. Ìdẹ náà kò tú.

Bọ́tìnnì ọwọ́ ẹ̀wù, a ti ń ki í bọ ihò fúnra wa. Ti ọrùn ṣì ń yọ wá lẹ́nu. Arábìnrin wa, bí ẹ bá ń ka èyí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a wà ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo àyàfi Ọjọ́rú. Omi tútù wà nílé.