Ẹ Má Ṣe Sọ Ìrépé Aṣọ Nù

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ìrírí àgbà ni a máa ń rò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ro àkísà náà pẹ̀lú. Àwọn tí ó pa á ka àkísà sí ohun ìní, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Àwa ni a sọ ọ́ di ohun ìtìjú.

Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà aránṣọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọ bá fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti ra aṣọ kan náà. Aránṣọ ti gé ẹ̀wù, ó ti gé ìró àti gèlè. Ìrépé sì kún ilẹ̀ títí dé ojú àgbàrá. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó gbá a jọ, a ó sì dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú aṣọ òde òní kì í ṣe òwú mọ́. Inú epo rọ̀bì ni a ti ṣe òwú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ń pa àyà lára.

Ní ọdún kan, ní àkókò ọyẹ́, mo kọjá lẹ́bàá irú iná bẹ́ẹ̀ bí mo ti ń lọ bẹ opó kan wò. Mo bá ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ ìró kan ṣoṣo. Bí èyí tí ó wà láàrin bá fà á, ara àwọn tí ó wà ní etí a sì ṣí sílẹ̀. Ìyá wọn jókòó ti ààrò, kò bo nǹkan kan. Ọmọ ìjọ wa ni, òun pẹ̀lú sì ti san owó aṣọ ẹgbẹ́ ti ọdún náà. Ojú tì mí, nítorí èmi ni mo dúró níwájú ìjọ tí mo ka orúkọ àwọn tí kò tí ì san án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wí pé ìrépé tí a ń sun lè bo àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Àwọn kan yóò wí pé aṣọ tí a rán pọ̀ jẹ́ aṣọ òtòṣì. Mo bi wọ́n pé, kí ni aṣọ òkè? Kì í ha í ṣe aṣọ tóóró-tóóró, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínǹṣì 4 lọ, ni a ń rán mọ́ ara wọn kí ó tó di agbádá? Ọba ń wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì pè é ní àkísà.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, abúlé kan wà tí à ń pè ní Gee's Bend, tí odò yí ká ní ìhà mẹ́ta. Ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ni àwọn ará ibẹ̀. Oko òwú ni wọ́n ń ro, atẹ́gùn òtútù sì ń gba ara ògiri ilé wọn wọlé. Àwọn obìnrin wọn a máa kó aṣọ oko tí ó ti gbó, wọn a gé ibi tí ó ṣì lágbára, wọn a sì rán an di kúbùsù. Ní 1942, lẹ́yìn tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó aṣọ iṣẹ́ ọkọ náà jọ, ó sì fi rán kúbùsù kan, kí ó lè máa fi bora ní ìrántí rẹ̀. Ní 1966 àwọn obìnrin agbègbè náà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 2002 a pàtẹ kúbùsù Gee's Bend ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston. Ní 2006 a sì tẹ àwòrán wọn sára sítáḿpù lẹ́tà ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ gbọ́ ti Harriet Powers ti Georgia pẹ̀lú. Inú oko ẹrú ni a bí i sí ní 1837. Ó gé aṣọ ní àwòrán Ádámù àti Éfà, àlá Jákọ́bù àti ìtẹ̀bọmi Olúwa wa, ó sì rán wọn mọ́ kúbùsù kan tí a pàtẹ ní 1886. Nígbà tí ìṣẹ́ dé ní 1891, ó tà á ní dọ́là 5. Lẹ́yìn náà a sì máa padà lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹni tí ó rà á. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Washington ni kúbùsù náà wà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé kúbùsù òkìríkà pọ̀ lọ́jà. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá ní owó, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n opó tí mo sọ kò ní owó náà, aránṣọ kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ìrépé.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ ya aṣọ òwú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń yọ́ bí iná bá kàn án. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Ẹni tí ó mọ òwe Olúwa wa nípa aṣọ tuntun lára ẹ̀wù gbígbó mọ ìdí rẹ̀: aṣọ òwú tí omi kò tí ì kàn yóò súnkì, yóò sì fa èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya. Ẹ gé ìrépé ní ínǹṣì 9 ní ìbú àti ní òró. Ẹ rán 7 mọ́ ara wọn ní ìlà kan, kí ẹ sì ṣe ìlà 9. Ìrépé 63 nìyẹn. Bí ojú rírán bá gba ìdajì ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kúbùsù náà yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbó tí ó mọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi odindi aṣọ kan tẹ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já káàkiri, kí wọ́n má bàa yẹ̀. Ẹ máa sá a sí oòrùn nígbà gbogbo, kí ìdun má bàa fi í ṣe ilé. Ẹ má sì ṣe fi í bo ìkókó tí kò tí ì pé ọdún kan, nítorí ó lè dí i ní imú.

Ìmọ̀ràn mi nìyí fún gbogbo ìjọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá dá aṣọ, kí ó gba ìrépé rẹ̀ padà lọ́wọ́ aránṣọ. Kí àwọn ìyá àti àwọn ọ̀dọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, jọ máa rán an ní ọjọ́ òjò tí a kò lè lọ sí oko. Kí ọyẹ́ tó dé, kí kúbùsù mélòó kan ti délé àwọn opó. Bí a kò bá sì lè ṣe èyí, kí a má ṣe ka orúkọ opó kankan níwájú ìjọ mọ́ nítorí owó aṣọ.