Ẹjọ́ Ọ̀wọ̀: Ẹni tó ṣẹ̀ ni ká mú, ká má mú ẹ̀yà rẹ̀

Ìgbà wo lẹ gbọ́ nípa ẹjọ́ Ọ̀wọ̀ kẹ́yìn? Ẹ má tíì wò ó lórí fóònù. Ẹ kàn dá ara yín lóhùn ná.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Ó kéré tán, èèyàn 40 ló kú, tọmọdé tàgbà. Gbogbo wa la sunkún, gbogbo wa la gbé àwòrán àbẹ́là sórí Wasáàpù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tí àwọn DSS gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá, tí wọ́n fẹ̀sùn ìgbésùnmọ̀mí kàn wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn márààrún sì ní àwọn ò jẹ̀bi, ariwo ọjọ́ kan péré la pa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a ti padà sídìí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Èyí ò dáa. Ọmọ Ọ̀bà-Àkókó ni mí, òfin sì ni mo kà. Ẹni tó bá ti Ọ̀wọ̀ ń bọ̀ ní Ìkàrẹ́, Ọ̀bà ló máa gbà kọjá. A jọ ń nájà ni, a sì ń fẹ́ra wa lọ́mọ. Ohun tó ṣe Ọ̀wọ̀, àwa náà ló ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹjọ́ tó wà l'Ábùjá yẹn kì í ṣe torí àwọn tó kú nìkan. Ó wà fún àwa tá a ṣẹ́kù, ó sì wà fún àwọn tá a jọ ń gbé.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn ológun kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 pé ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí kan. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ Kogí tó múlé gbè wá ni wọ́n ti mú àwọn kan nínú wọn. Lẹ́yìn èyí, etí mi ló gbọ́ ọ ní ìdíkọ̀ nílé wa: “Àwọn Ìgbìrà náà ni.” Ẹlòmíì ní, “Rárá o, Fúlàní ni gbogbo wọn.” Ẹnì kẹta ní kí gbogbo àlejò kó ẹrù wọn kúrò lórí ilẹ̀ wa. Ṣebí àwọn Ìgbìrà tó ń dáko ní Àkókó kì í ṣe àlejò àná? Iṣu tí wọ́n ń gbìn là ń gún jẹ. Ọmọ wọn ń sọ èdè wa ju ọmọ tiwa tó wà l'Ékòó lọ. Kí ni obìnrin tó ń ta gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ̀ nípa ìbọn?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù ní Jámánì. Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Jámánì pàdánù ogun ní 1918, owó wọn di yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ wọ́n, àwọn èèyàn sì ń wá ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Hitler gorí oyè ní 1933. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1935, wọ́n ṣòfin tó gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú lọ́wọ́ àwọn Júù, tó sì ní Júù ò gbọdọ̀ fẹ́ ọmọ Jámánì. Ẹ kíyè sí i: òfin ni, àwọn tó kàwé bíi tèmi ló sì jókòó kọ ọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1938, ọmọ Júù kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 yìnbọn fún òṣìṣẹ́ ìjọba Jámánì kan ní Paris, ọkùnrin náà sì kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló yìnbọn o. Àmọ́ lóru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10, wọ́n dáná sun ilé ìjọsìn àwọn Júù káàkiri Jámánì, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin Júù lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Wọ́n tún bu owó ìtanràn lé gbogbo wọn lórí. Nígbà tí ogun fi máa parí ní 1945, wọ́n ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà Júù. Ọ̀rọ̀ “gbogbo wọn ni” yẹn ló gbé wọn débẹ̀.

Nígbà tí ogun wá parí, àwọn kan láàárín àwọn tó ṣẹ́gun ní kí wọ́n kàn yìnbọn pa àwọn olórí Násì, kó parí síbẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ní ìlú Nuremberg. Wọ́n fún olùjẹ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ní lọ́yà, wọ́n gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ka ìwé tí àwọn Násì fọwọ́ ara wọn kọ. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹwàá, ọdún 1946, wọ́n dájọ́ èèyàn 22: wọ́n dájọ́ ikú fún 12, wọ́n rán 7 lọ sẹ́wọ̀n, wọ́n sì dá 3 sílẹ̀. Àwọn 3 tí wọ́n dá sílẹ̀ yẹn ló máa ń wù mí láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ìyẹn ló fi hàn pé ẹjọ́ ni wọ́n ń ṣe, pé wọn ò kàn ń gbẹ̀san. Àwọn kan ní ẹjọ́ aṣẹ́gun ni, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ sọ, torí pé kò sẹ́ni tó bi àwọn tó ṣẹ́gun léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ yẹn fìdí nǹkan kan múlẹ̀: èèyàn tó ní orúkọ ló ń dẹ́ṣẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ mínísítà.

Kò jìnnà sí wa náà. Charles Taylor ti Làìbéríà sá wá sí Calabar ní 2003. Nígbà tó di 2006, wọ́n mú un, wọ́n sì fà á lé ilé ẹjọ́ àkànṣe Sierra Leone lọ́wọ́, níbi tí ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá, ti wà lára àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ní 2012, wọ́n fún Taylor ní ẹ̀wọ̀n 50 ọdún. Lónìí, kò sẹ́ni tó ń sọ pé gbogbo ọmọ Làìbéríà ni apànìyàn. Ilé ẹjọ́ ti sọ orúkọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ wá fi wé Asaba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn sọ́jà ìjọba àpapọ̀ pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkùnrin àtọmọkùnrin níbẹ̀. Kò sí ẹnì kan tó dé iwájú adájọ́ torí ẹ̀. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nígbà tí kò sí orúkọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ̀yà la gbé ẹ̀bi náà rù. Ẹ lọ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 2000 ṣì ń bú ara wọn torí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí bàbá wọn tó gbọ́njú.

Ibi tó kù sí rèé. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Rome tó dá ilé ẹjọ́ ICC sílẹ̀, ó sì fòǹtẹ̀ lù ú ní 2001. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ pé àdéhùn àgbáyé kò di òfin níbí àfi tí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Wọn ò tíì ṣe é. Torí náà, tí lọ́yà ìjọba bá fẹ́ pe ẹnì kan lẹ́jọ́ lónìí lórí ìwà ọ̀daràn sí ọmọ èèyàn, kò ní òfin ilé tó máa gbé lé. Òfin ìgbésùnmọ̀mí ló kù.

Ẹ lè ní, ṣé ìyẹn ò tó ni? Ìyà tó wà nínú òfin ìgbésùnmọ̀mí kò kéré lóòótọ́. Àmọ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọ èèyàn gba kí wọ́n fi hàn pé ìkọlù náà wà lára ètò tó gbòòrò tàbí èyí tí wọ́n dìídì tò sílẹ̀ láti fi kọlu ará ìlú. Ó máa wádìí ẹni tó fọkàn gbèrò, ẹni tó sanwó, ẹni tó pàṣẹ. Mi ò sọ pé ti Ọ̀wọ̀ ti kúnjú ìwọ̀n yẹn o, adájọ́ nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òfin náà wà ńlẹ̀. Lójú tèmi, mo mọ ohun tó ń mú kí àwọn aláṣẹ lọ́ra: òfin náà máa mú sọ́jà pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, agbẹjọ́rò àgbà ICC nígbà náà, Fatou Bensouda, sọ pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram hu irú ìwà yìí, àti pé àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò wa náà hù ú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ju mẹ́ta lọ. Ẹ máa tẹ̀ lé ẹjọ́ Ọ̀wọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó, kẹ́ ẹ béèrè ibi tó dé. Ẹ bi aṣòfin àdúgbò yín léèrè nípa àdéhùn Rome, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbò. Bí ẹnì kan bá sì kọ “gbogbo wọn ni” sí abẹ́ fìdíò, ẹ ní kó dárúkọ ẹni tó ń sọ.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn márùn-ún yẹn ṣì jẹ́ olùjẹ́jọ́. Tí ilé ẹjọ́ bá dá wọn lẹ́bi, kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí wọn. Tí kò bá sì dá wọn lẹ́bi, kí ìjọba tún bọ́ sójú pópó wá àwọn tó ṣe é. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, kò kan obìnrin tó ń ta gààrí ní Ọ̀bà.