Ọ̀fẹ́ Ni, Ṣùgbọ́n Ta Ló Ka Òfin Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ má sì purọ́ fún mi. Ta ni nínú yín tó tíì ka àdéhùn Wáífáì ọ̀fẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rí, kó tó tẹ ibi tí wọ́n kọ "mo gbà" sí? Kó nawọ́ sókè ká rí i. Èmi alára kò lè na tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó sí ọ́fíìsì kan níhìn-ín ní Ìlọrin, níbi tí èrò ti ń dúró kí wọ́n pè wọ́n. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé Wáífáì ọ̀fẹ́ wà. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì jókòó tì mí. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní: "Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, kí ló dé tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ ìbí mi?"

Mo wò ó. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Nísàlẹ̀ ni àdéhùn wà, òyìnbó wínníwínní bí ìjàlọ. Mo ní: "Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́, Mọ́mì, gbogbo wa la tẹ̀ ẹ́." Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní: "Ìwọ tó o mọ̀wé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Háà! Ojú tì mí. N kò kà á. Ìyá sọ fóònù rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun kì í buwọ́ lu ìwé tí òun kò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ta wá ni ọ̀mọ̀wé nínú àwa méjèèjì? Ẹ dáhùn fúnra yín.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Mo fẹ́ Wáífáì ìjọba ní Ìlọrin. Mo fẹ́ ẹ ní Ọjà Ọba, mo fẹ́ ẹ ní Ìpàta, mo fẹ́ ẹ ní gáréèjì Ọ̀fà, mo fẹ́ ẹ níbikíbi tí ọmọ mẹ̀kúnnù ti lè jókòó kàwé ìdánwò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e wá pẹ̀lú òfin tí ìyá aláṣọ òfì kò lè kà, pàkúté ni wọ́n dẹ, wọn kò ṣe wá lóore.

Ẹ rántí bí ìlú wa ṣe jórúkọ. Àwọn àgbà sọ pé òkúta kan wà ní agbo ilé Bándélé tí àwọn ọdẹ ń lọ irin lórí rẹ̀. Ìlọ-irin ló di Ìlọrin. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ń bi ọdẹ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ kó tó pọ́n irin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ náà mọ̀ pé irin mú, ó mọ ibi tí kò yẹ kóun fọwọ́ sí. Ohun méjì tí mò ń wá nìyẹn: kí olóore má tọ pinpin ọ̀rọ̀ wa, kí àwa náà má fi ọwọ́ wa sójú ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní oṣù keje ọdún 2018, Google gbé Wáífáì ọ̀fẹ́ tí wọ́n pè ní Google Station dé Èkó. Ìpolówó ọjà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé láti fi rówó rẹ̀. Nígbà tó di 2020, Google kéde pé àwọn ń pa á tì. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó tó lé ní bílíọ̀nù 24 náírà fún íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú 20, ilé ẹ̀kọ́ gíga 43 àti ọjà 6. Níhìn-ín ní Kwara, láti 2020 ni ìjọba ti dín owó tí àwọn tó ń ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ ń san kù sí náírà 1 lórí kìlómítà kan. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀fẹ́ tí ẹnì kan kì í sanwó rẹ̀. Bí kì í bá ṣe owó ìlú, á jẹ́ ìpolówó, tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ara wa ni wọ́n ń tà.

Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ ọ́ gbangba: ẹni tó bá fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ wa láti lo ọ̀rọ̀ nípa ara wa, èdè tó yéni tó sì rọrùn ni kó fi béèrè. Ó tún ní dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Mo wá ń béèrè: láàárín Ọjà Ọba, èdè wo ló yéni? Ṣé òyìnbó lọ́yà ni?

Àwọn kan á ní: "Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò bá fẹ́ kó má lò ó." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Bí ìjọba bá ṣe omi ẹ̀rọ, tí omi náà dọ̀tí, ṣé wọ́n á ní ká mu ún bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni? Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n má gbé e wá rárá, pé àwọn ọmọ Yahoo ni yóò fi ṣiṣẹ́ ibi. Nítorí pé olè ń gba títì kọjá, ṣé ká tìtorí ẹ̀ hú títì? Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà láti 2015, òun náà ló sì ní kí àwọn tó ṣí káfè máa kọ orúkọ àwọn tó wá lò ó sílẹ̀. N kò sọ pé kí wọ́n má béèrè ohunkóhun. Kí wọ́n béèrè ìwọ̀nba tó tó iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀. Kí ló kan Wáífáì kan ọjọ́ ìbí ìyá aláṣọ?

Ọ̀rọ̀ kan àwa náà o. Orúkọ Wáífáì tí ẹ rí lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè jókòó sí ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín, kó sọ fóònù tirẹ̀ ní "Wáífáì Ìjọba", kó máa wo ẹni tó máa kó sí i. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì òde òní ló ń ti ọ̀rọ̀ inú wọn mọ́ kọ́kọ́rọ́, tí ẹni tó ń yọjú kò fi ní í rí ohun tí ẹ kọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò lè gba ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sára pátákó nìyí, lẹ́tà gàdàgbà, níbikíbi tí wọ́n bá gbé e sí:

Orúkọ tòótọ́ Wáífáì yìí nìyí. Òmíràn tó jọ ọ́, ayédèrú ni. A kì í béèrè PIN, BVN tàbí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tó bá béèrè, olè ni. Ọ̀rọ̀ owó, dátà ara yín ni kí ẹ fi ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan kan sórí fóònù kí ẹ tó wọlé, ẹ jáde. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ pa Wáífáì fóònù yín, kí ẹ sì ní kó gbàgbé ibí, kó má baà fúnra rẹ̀ lọ lẹ̀ mọ́ ayédèrú lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá fi ṣe jìbìtì, òfin á mú un. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ yín rèé, ìdí rẹ̀ rèé, ọjọ́ tí a ó pa á rẹ́ rèé. Ẹni tí ẹ ó pè bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ rèé.

Òfin mẹ́jọ péré! Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n kọ ọ́ ní Haúsá, ní Fúlàní àti ní Nupé, nítorí gbogbo wa la jọ ń ná ọjà. Ẹni tí kò lè kàwé ńkọ́? Kí Rédíò Kwara máa kà á sí i létí.

Títí dìgbà náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ "mo gbà", ẹ ṣe bíi ti ìyá yẹn. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹni tó gbé e wá kò bá lè sọ ọ́ fún yín lédè yín, ẹ sọ fóònù sínú báàgì.