Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ Kò Yẹ Kó Di Gbèsè Lọ́rùn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Láti ọwọ́ Ọmọ Goro

Ní Goro, lágbègbè Tchaourou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dìde níwájú àgbà kí ó wí pé obìnrin kò ní làákàyè iṣẹ́ ilẹ̀. Àwọn ìyá tí ń ṣa èso òrí nígbà òjò, tí ń sè é, tí ń sá a, tí ń gún un, tí ń fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó, ti mọ ìwọ̀n iná àti ìwọ̀n omi tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba ọ̀nà àríwá lọ sí Parakou, níbi tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 2001, tí ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ibẹ̀, yóò rí i pé bí ipò ti ń ga sí i ni obìnrin ń dín kù sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ àwọn tí ó ni ìmọ̀ náà fi ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn tí a ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti Parakou nìkan. UNESCO ti fi hàn pé kárí ayé, nínú olùwádìí mẹ́ta, bí obìnrin kan ni ó ń wà níbẹ̀.

Àìní ọpọlọ kọ́ ló fà á. Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní 1963, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó sì di 1985, òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di gíwá yunifásítì ní orílẹ̀-èdè náà. Ní Ìbàdàn, Ọlábísí Ugbebor di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà, Adénìkẹ́ Òṣọ́fisan sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kí a yìn wọ́n tán, kí a sì rántí pé igbó tí akọni mẹ́ta là kọjá kò tíì di ọ̀nà fún ọmọ aráyé.

Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an ni àkókò. Ọjọ́ orí tí a ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ni ọjọ́ orí tí a ń bímọ. CAMES, àjọ tí àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà àti Madagásíkà dá sílẹ̀ ní 1968, ni ó ń yẹ olùkọ́ yunifásítì wò kí ó tó gun òkè, iye ìwádìí tí olùkọ́ tẹ̀ jáde sì wà lára ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Òfin iṣẹ́ tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 1998 fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí òfin fún ara kò dé ọ̀dọ̀ ìwé, nítorí ìwé tí a kò kọ ní oṣù ìkúnlẹ̀ kò ní ẹni tí yóò bá a kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kékeré kan ní yàrá ìwádìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìwọ̀n omi tí ń bẹ nínú iṣu yóò gé e wẹ́wẹ́, yóò wọ̀n ọ́n, yóò gbé e sínú ààrò oníná ní ìwọ̀n ooru 105 fún wákàtí 24, kí ó tó tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gbé e sínú ààrò ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni yóò padà wá, ní àsìkò tí ọmọ ọwọ́ ń sunkún ọmú. Ní Goro, ìyá-ìyá ọmọ náà ìbá ti gbé e pọ̀n, ṣùgbọ́n ní Parakou, nínú yàrá tí a háyà, ta ni? Bí ẹ̀ka náà bá ní àkọsílẹ̀ tí ó sọ ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n ní ìrọ̀lẹ́ òní àti ti ọ̀la, tọkùnrin tobìnrin, iṣẹ́ kò ní bàjẹ́, ọmọ kò sì ní sunkún. Ètò ni ó sọnù níbẹ̀, kì í ṣe agbára.

Àwọn kan yóò wí pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Òótọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ń jẹ nínú ata kan náà, ìdí tirẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí ìyàwó ń bẹ nílé tí ń gba iná náà dúró fún un. Àwọn mìíràn yóò wí pé ẹni tí ó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ọmọ ti di ọ̀ràn láàrin àwa tí a ń wí pé òrìṣà bí ìyá kò sí, tí a ń fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ Ọlọ́run nígbà ìṣòro.

Ilẹ̀ mìíràn ti gbìyànjú ọ̀nà àbáyọ. Láti 2005 ni ètò Athena SWAN ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ń fi oyè dá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì lọ́lá bí ó bá lè fi hàn pé òun ń tún ọ̀nà obìnrin ṣe. Àjọ tí ń náwó fún ìwádìí ní Yúróòpù, ERC, máa ń fi oṣù 18 kún àkókò ìyá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá ń ka ọdún lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé sáyẹ́ǹsì wọn ti tibẹ̀ rọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò béèrè owó ńlá. Bákan náà ni kí bàbá ọmọ gba ìsinmi láìsí ẹni tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí bí ìsinmi bá jẹ́ ti obìnrin nìkan, olórí ẹ̀ka tí ń wá òṣìṣẹ́ yóò máa wo ikùn rẹ̀ kí ó tó wo ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Parakou àti ti Abomey-Calavi, kí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé, ẹ fi ìpàdé yín sí àárọ̀, ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí abiyamọ yóò ti máa fún ọmọ lọ́mú, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìlànà yín pé ọdún tí olùkọ́ bímọ kò ní wọ inú ọdún tí a ó fi ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ rẹ̀.