Ọ̀nà Kan Ò Wọjà: RAID Nìkan Kò Tó

Háàdì dísìkì 2 ló wà nínú àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tó wà nínú ọ̀kan náà ló wà nínú èkejì: fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, fídíò ìsọmọlórúkọ wa, àti ohùn Màmá àgbà níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Ẹni tó bá wa tò ó sọ fún bàbá mi pé, "Dádì, ẹ fọkàn yín balẹ̀. RAID la ṣe. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ń bẹ."

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a sin Màmá àgbà, àbúrò mi ń wá àyè fún géèmù tó fẹ́ gbé sórí rẹ̀. Ó rí fódà kan tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ó pa á rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ náà ni dísìkì kejì pa tirẹ̀ rẹ́. Nígbà tí a fi máa mọ̀, géèmù ti gba àyè náà. Kò sí dísìkì kankan tó bàjẹ́ o. Àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ohùn Màmá àgbà ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ta ko gbogbo ẹni tó bá ní RAID tó láti pa nǹkan ìrántí ilé mọ́. Mi ò sọ pé kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ń gbé fún un.

Ní 1988, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìwé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní bí a bá so ọ̀pọ̀ dísìkì kékeré tí kò wọ́n pọ̀, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ dísìkì ńlá olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀kan nínú wọn á ṣe máa tètè bàjẹ́ tó. Nítorí náà, wọ́n ṣàlàyé àwọn ọ̀nà tí iṣẹ́ fi lè máa lọ bí ọ̀kan bá kú. Ohun tí RAID wà fún nìyẹn: kí iṣẹ́ má dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn oríṣi rẹ̀. RAID 0 máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á pín in sórí gbogbo dísìkì. Ó yára, ṣùgbọ́n bí dísìkì kan bá kú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò ilé síbẹ̀. RAID 1 dà bí ìbejì tó ń ṣe ohun kan náà nígbà kan náà. Ó dára bí ọ̀kan bá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Táyé bá mu májèlé, Kẹ́hìndé náà á mu ún. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí wa. RAID 5 ń lo dísìkì 3 ó kéré tán. Ká ní 3 wà lórí àkọ́kọ́, 4 wà lórí èkejì, 7 tí í ṣe àpapọ̀ wọn á wà lórí ẹ̀kẹta. Bí 4 bá sọnù, a ó yọ 3 kúrò nínú 7, a ó sì rí i padà. Ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìròpọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. RAID 6 ń lo dísìkì 4 ó kéré tán, 2 sì lè kú kí nǹkan má sọnù. Bí ẹ bá ní dísìkì 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 TB, RAID 5 á fún yín ní àyè 12 TB, RAID 6 á fún yín ní 8 TB.

Àwọn onímọ̀ lè jiyàn lórí 5 àti 6 di alẹ́. Ṣùgbọ́n olè kì í yọ dísìkì kan kó fi ìyókù sílẹ̀. Àpótí ló máa gbé. Bí iná bá jó ilé, kò ní mọ èwo ni èkejì. Ní àdúgbò wa, iná mànàmáná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè padà dé pẹ̀lú agbára tó ń jó gílóòbù. Wáyà kan ló sì ń gbé iná fún gbogbo dísìkì inú àpótí.

Àwọn kan á ní, "Ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì." Fún fọ́tò fóònù, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ san owó dátà fún fídíò ìgbéyàwó tó gba odindi ọjọ́ kan? Àwọn mìíràn á ní, "Dísìkì tí a bá gbé lọ sílé ẹlòmíràn kò ní bá tilé dọ́gba, ohun tí a yà lánàá kò ní sí níbẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìdọ́gba yẹn gan-an ni ààbò rẹ̀. Ọwọ́ tó ṣìṣe nílé lónìí kò lè dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí BBC. Ilé iṣẹ́ ńlá yìí pa ọ̀pọ̀ téèpù àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ láti tún lò wọ́n, àwọn apá kan nínú eré Doctor Who sì bá a lọ. Ní 2013, wọ́n kéde pé a ti rí 9 nínú àwọn apá tó sọnù náà, èyí tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bí 1967 sí 1968. Níbo la ti rí wọn? Ní Jos, ní Nàìjíríà wa níbí, níbi tí ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti wà. Ẹ̀dà tó jìnnà sí ilé ló kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé ní Ṣágámù ti da díẹ̀ kọ sórí fíláàṣì nígbà ìsìnkú. Ìṣẹ́jú 4 péré ló kù nínú ohùn Màmá àgbà. Fíláàṣì tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló gbà á là.

Kí ni kí a wá yàn? Bí owó yín bá ká dísìkì 2 péré, ẹ má so wọ́n pọ̀ nínú àpótí kan. Ẹ fi ọ̀kan sílé, kí ẹ gbé èkejì sọ́dọ̀ ẹbí ní ìlú mìíràn. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé e wá, ẹ da ohun tuntun kọ sí i, ẹ dá a padà. Ìgbà tí owó ẹ̀kẹta bá dé ni kí ẹ tó ṣe RAID 1 nílé, pẹ̀lú UPS tí kò ní jẹ́ kó kú lójijì. Ẹni tí fídíò rẹ̀ pọ̀ gan-an lè ṣe RAID 6, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yọ̀ǹda kí ẹ má ní ẹ̀dà níta.

Ẹ sì máa yẹ ẹ̀dà náà wò. Àwọn tó ń ta obì gbàǹja ní Ṣágámù kì í kó obì sínú agbọ̀n kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń ṣà á, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, a kò tíì mọ̀ bóyá a ní in.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ẹni tó ń ta àpótí fún yín pé, "Bí ọmọ mi bá pa á rẹ́ ńkọ́?" Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ wa ní èyí pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìlú wa ni Tai Solarin ti dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, tó ń kọ́ ọmọ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Dída fáìlì kọ kò nílò ẹnjiníà. Ẹ ṣe é ní Sátidé yìí, nígbà tí ohùn àwọn àgbà yín ṣì wà níbẹ̀.