Awakọ̀ Òfuurufú Tí Mo Pè Ní Ojo

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín, kí ẹ sì dá a bí ó bá ti tọ́ lójú yín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ ni mí ní Kánò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n mú wáyà wá fún mi láti Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: ara ìyá mi kò yá, kí n máa bọ̀ kíákíá. Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní Ọjà Ọba. Nígbà tí bàbá mi kú, èlùbọ́ yẹn náà ni ó fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Èmi nìkan sì ni ọmọkùnrin tí ó bí.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kánò, ó lè tó bí ọjọ́ méjì kí ó tó dé Ìbàdàn. Bàálù kò ju bí wákàtí méjì lọ sí Èkó. Mo yá owó kún owó oṣù mi, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì. N kò wọ bàálù rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà mí. Ojú ìyá mi nìkan ni mo fẹ́ rí.

Nígbà tí mo dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú sánmà ti funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Òkè Ọya rí mọ ọyẹ́ ibẹ̀. Eruku ni, kì í ṣe ìkùukùu. Afẹ́fẹ́ a máa gbé e láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé, a sì dà á bo Kánò títí ènìyàn kò fi ní rí ilé tí ó wà ní òdìkejì títì.

A jókòó títí di ọ̀sán. Nígbà tí ó yá, awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ jáde wá bá wa, ọmọ ilẹ̀ wa kan tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ó ní òun kò ní gbé ọkọ̀ náà lọ lónìí, nítorí pé òun kò rí òpin ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò sá lé kí ó tó fò. Inú bí mi. Mo dìde níwájú gbogbo èrò, mo ní, “Ojo ni ọ́! Ìyá mi ń kú lọ, ìwọ dúró ń wo eruku!” Kò bá mi jà. Ó tẹ orí ba, ó ní, “Ẹ má bínú,” ó sì wọlé lọ.

Ìyá àgbà kan tí ń kó obì lọ sí Kánò ló fà mí lápá pé kí n jókòó. Ó ní, “Ọmọ mi, ààyè rẹ ni ìyá rẹ ń retí, kì í ṣe òkú rẹ.” Etí mi kò gbà á.

Bákan náà ni Ọjọ́rú rí. Ní Ọjọ́bọ̀ ni eruku náà fà díẹ̀, a sì gbéra. Ọkọ̀ kékeré alábẹ̀bẹ̀ méjì ni. Ọmọbìnrin tí ń tọ́jú èrò pín tọ́fì fún wa, mo rò pé wọ́n fi ń ṣe wá lálejò ni; ìyá olóbì ló rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lá a kí etí mi má baà dí. Òótọ́ sì ni. Bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, èyí tí ó wà nínú etí a sì máa wá ọ̀nà àtijáde. Bí ènìyàn bá ń gbé itọ́ mì, ọ̀nà náà á ṣí. Nígbà tí a ń kọjá lókè Odò Ọya, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀já tí abiyamọ sá sóòrùn. Mo ní n ó ròyìn èyí fún ìyá mi.

Alẹ́ ni mo dé Ìbàdàn. Ìyá mi ti kú ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n ní títí ó fi dákẹ́ ni ó ń bèèrè bóyá ọkọ̀ Kánò ti dé.

Mo di awakọ̀ yẹn sínú fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ bàálù, n ó ní ojo kan ni kò jẹ́ kí n bá ìyá mi láàyè.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù kan tí ó ti Àbújá bọ̀ já ní pápá Port Harcourt nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára. Ènìyàn 108 ni ó kú. 60 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ń lọ sílé fún ìsinmi Kérésìmesì. Ó ní ibi tí awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá bí kò bá tí ì rí ọ̀nà tí yóò bà sí. Àwọn tí ó wádìí ọ̀ràn náà ní wọ́n kọjá ibẹ̀. Kò pé ọdún kan, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, òmíràn gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Sókótó, nígbà tí ìjì ń jà. Kò pẹ́ tí ó fi já. Àwọn tí ó kú lé ní 90, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, sì wà lára wọn. Àwọn olùwádìí ní awakọ̀ náà mọ bí ojú ọjọ́ ti rí kí ó tó gbéra.

Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, nígbà tí mo ka ti àwọn 60 ọmọ yẹn, àti ti Sókótó tí ó tẹ̀lé e, ọkùnrin tí ó tẹ orí ba ní Kánò ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ó gba èébú mọ́ra kí gbogbo wa lè délé. Ìyá olóbì ti sọ ọ́, n kò gbọ́.

N kò ní kí ẹ gba ìwà àìbìkítà o. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ nítorí pé àwọn tí ó ni ín kò tún un ṣe, tàbí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì ju ìjókòó lọ, ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ní ojú ọjọ́ kò jẹ́, ẹ jókòó, ẹ má bú u. Ọjà tí a kò bá lónìí, a ó bá òmíràn lọ́la. Ẹni tí ó lè sọ pé “n kò lọ” níwájú èrò tí inú ń bí, akọni ni.

N kò bèèrè orúkọ ọkùnrin yẹn, a kò sì pàdé mọ́. Bí ó bá wà láàyè, tí ìwé yìí sì bọ́ sí i lọ́wọ́: ọ̀gá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ kì í ṣe ojo.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.